Kẹ̀kẹ́ Ogun Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ìlú Àbàtà

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ

Òjò láti àárọ̀. Àǹtí pe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sí yàrá kọ̀ǹpútà. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nínú rẹ̀ nìyẹn, ìdájọ́ ló kù. Ó ní olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ti lọ sílé ọkọ, ilé-ìwé òun á sì wọlé lọ́jọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀. Ẹnì kan péré lòun fẹ́ nínú àwa méjèèjì.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ kọ̀ǹpútà. Ìyẹn kọ́ ni mò ń wá. Ẹni tó lè kápá ọgbọ̀n ọmọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa aṣọ rẹ̀ síbi tó wù ú, ni mò ń wá."

Bó ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí: géèmù ogun ayé àtijọ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní ẹ̀rọ tí a kò bá lò fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún a máa kú, nítorí náà ká máa fi wọ́n jagun láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà, Mọ́ńdè sí Fúráìdé, òun á máa wò wá láti ìdí tábìlì òun lẹ́nu ọ̀nà. Ní Fúráìdé tó ṣáájú ìwọlé, tí aago bá lu mẹ́fà, ẹni tí ìlú rẹ̀ bá pọ̀ jù nínú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ló ni iṣẹ́.

Àga kẹta, ti onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tiwa. Àga kẹrin, ti Bàbá Ìṣirò tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí wa, tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ olọ́mọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì.

Ìlú mẹ́ta mẹ́ta la pín. Ẹ̀gbọ́n mi mú pápá, torí kẹ̀kẹ́ ogun. Onígbàjámọ̀ mú orí òkè, torí àwọn tafàtafà. Bàbá Ìṣirò mú ibi tí igbó àti wúrà wà, kò sọ torí kí ni. Àbàtà ló kù. Mo jókòó sí àbàtà.

Màmá ti sọ ibi tí ẹni tí kò bá gba iṣẹ́ ń lọ: ọ̀dọ̀ àbúrò Bàbá wa obìnrin, láti lọ máa bá a ta bọ́tìnnì àti síìpù. N kò kórìíra bọ́tìnnì. N kò kàn fẹ́ lo ayé mi láti máa wá ìkejì wọn ni.

Túsìdé, ọjọ́ karùn-ún

Ìlú kan ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kó kẹ̀kẹ́ ogun mẹ́jọ jáde. Ẹṣin méjì ló ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan, abẹ gígùn yọ síta lára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Mo to ọgọ́ta tafàtafà síta gbangba, mo ní bí wọ́n bá ṣe ń bọ̀ la ó máa ta wọ́n. Wọ́n ta ọfà lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n tó fa èkejì, kẹ̀kẹ́ ti gba àárín wọn kọjá, ó ti yí padà, ó tún ń bọ̀ wá kí wọn pé ó dàbọ̀.

"Ẹ wo bó ṣe tò wọ́n!" Onígbàjámọ̀ nìyẹn. "Ó tò wọ́n bí àwo àlejò. Jẹ́jẹ́, ogun la wá jà o, a ò wá ya fọ́tò."

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè mí nínú yàrá yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí mo bá kí èèyàn, onítọ̀hún á lọ ti fèrèsé, á rò pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́.

Tọ́sìdé, ọjọ́ keje

Òfin Àǹtí le. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹlòmíràn dá àdéhùn àlàáfíà á dìde, á gbọ́wọ́ lé orí kọ̀ǹpútà onítọ̀hún, á sọ ọ́ jáde kí Àǹtí gbọ́ ọ nídìí tábìlì. Àdéhùn ọjọ́ kan kò kọjá aago mẹ́fà ọjọ́ náà. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ń kọ ọ́ ránṣẹ́ síra wọn lórí géèmù ni. Onígbàjámọ̀ wá ní òun ò rí ìwé kankan gbà, bẹ́ẹ̀ òun ló dáhùn pé "ó dáa".

Mo dìde lónìí. Mo gbọ́wọ́ lé kọ̀ǹpútà Bàbá Ìṣirò, mo ní mo fẹ́ àlàáfíà títí di aago mẹ́fà. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dára bẹ́ẹ̀, ọmọ mi."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti ń kó igi mi lọ.

"Bàbá! A ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àdéhùn!"

"Àdéhùn wo? Bi Àǹtí rẹ."

Àǹtí gbójú sókè. "N kò gbọ́ nǹkan kan o. Fáànù ló ń sọ̀rọ̀ sí mi létí."

"Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ̀yin gbọ́ mi."

"Mo gbọ́ ọ yékéyéké, ọmọ mi. Òfin ò ní kí èmi gbọ́."

Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án

Kò sí ogun lónìí. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo kó orí sínú àgbá omi tó ti gbẹ, mo ń kọ́ ohùn mi. "Mo bá yín dá àdéhùn! Mo bá yín dá àdéhùn títí di aago mẹ́fà!" Inú àgbá, ohùn mi tóbi bí ti ọba.

Nígbà tí mo yọ orí jáde, Màmá dúró tì mí, aṣọ tútù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta lẹ jọ ń dá àdéhùn?"

"Ẹnì kankan, mà."

"Ṣé ó níṣẹ́ lọ́wọ́?"

"Màmá, géèmù ni."

"Gbogbo wọn ni wọ́n ń fi géèmù bẹ̀rẹ̀," ó ní, ó sì lọ sá aṣọ rẹ̀.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kọkànlá

Ìwé kékeré tó bá géèmù wá ní ọ̀kọ̀ gígùn ni wọ́n fi ń kojú ẹṣin. Mo to àwọn ọlọ́kọ̀ mi ní ìlà kan, ọ̀kọ̀ síwájú, mo mí kanlẹ̀. Ìwé náà kò parọ́, iwájú ni ọ̀kọ̀ dojú kọ lóòótọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi gbà wọlé. Ìlú kejì lọ. Ó ku ẹyọ kan, èyí tó wà láàárín àbàtà, tí ọ̀nà olókùúta kan ṣoṣo wọ̀ ọ́.

N kò sunkún. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n, torí ẹni tí kò bá lágbára gbọ́dọ̀ lójú. Mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi máa ń súfèé kó tó tú kẹ̀kẹ́ ogun sílẹ̀. Kì í mọ̀ pé òun ń súfèé. Onígbàjámọ̀ máa ń tú okùn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó kọlu èèyàn, bí ẹni fẹ́ jẹun. Ti Bàbá Ìṣirò ló pẹ́ kí n tó rí: ó máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ikọ́ ẹ̀ẹ̀kan, ikọ́ lásán ni. Ẹ̀ẹ̀mejì, kí o yáa lọ ti ẹnubodè.

Wẹ́sìdé, ọjọ́ kẹtàlá

Epo jẹnẹrétọ̀ tún ti wọ́n sí i. Àǹtí ní kí a yàn, fáànù tàbí gílóòbù. Bàbá Ìṣirò ló kọ́kọ́ nawọ́ fún fáànù. N kò gbọdọ̀ gbàgbé pé òun ni.

Fúráìdé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ẹ̀gbọ́n mi àti onígbàjámọ̀ dá àdéhùn láti jọ gba ìlú tó kù lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ ata ní ìkángun òpópónà. Kẹ̀kẹ́ ogun ń bọ̀ níwájú, tafàtafà ń bọ̀ lẹ́yìn, èmi ń ka ọmọ ogun mi bí ẹni ka eyín.

Ni ọkùnrin kan bá yọ lẹ́nu ọ̀nà. Apá ọ̀tún orí rẹ̀ ń dán, apá òsì sì kún fún irun.

"Ẹ̀yin ará ibí, ṣé bí mo ṣe máa padà síbi iṣẹ́ nìyí?"

"Ẹ lọ jókòó, ẹ̀gbọ́n," onígbàjámọ̀ dá a lóhùn láì bojú wẹ̀yìn. "Mo ń gba ìlú lọ́wọ́."

"Ìlú wo? Orí mi lo kọ́kọ́ gbà!"

Àǹtí lé onígbàjámọ̀ jáde pé kó lọ parí orí olórí. Àwọn tafàtafà rẹ̀ dúró láìsí ẹni tó ń darí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìbínú ya kúrò lórí ọ̀nà olókùúta kó lè gba ẹ̀bá dé ọ̀dọ̀ mi kíá. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta wọ ẹrẹ̀. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí di aago mẹ́fà, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó bá wá.

Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé: ẸRẸ̀.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kejìdínlógún

Ẹ̀gbọ́n mi náà ti kọ́gbọ́n. Kì í kúrò lórí òkúta mọ́. Ta ni ó máa sọ fún kẹ̀kẹ́ pé kó wọ ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀?

Tọ́sìdé, ọjọ́ kọkànlélógún

Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, mo sì fi aago ọwọ́ gbà á ni.

Fáànù Àǹtí máa ń yí orí. Mo kà á lẹ́ẹ̀méje kí n tó gbà á gbọ́: ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án ló fi ń kẹ̀yìn sí Àǹtí, kó tó tún padà wá máa sọ tirẹ̀. Mo ti dúró ti Bàbá Ìṣirò kí fáànù tó yí. Bó ṣe kẹ̀yìn báyìí, mo gbọ́wọ́ lé kọ̀ǹpútà: "Bàbá mo bá yín dá àlàáfíà di aago mẹ́fà ẹ ó sì ta ogójì igi fún mi!" Láìmí.

"Mo gbọ́," ni Àǹtí wí.

Bàbá wo fáànù. Ó wò mí. Ó tún wo fáànù. "Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò?"

Mo fi igi náà gbẹ́ èèkàn, mo rì wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní láti gba iwájú wá. Ẹ̀gbẹ́ ti di gbèsè.

Fúráìdé, ọjọ́ kejìlélógún

Bàbá ti rí ọgbọ́n mi. Bí mo ṣe lanu báyìí, ó ní, "Kí lo wí, ọmọ mi? Rọra ṣàlàyé, etí àgbà ni." Kí n tó rọra, mẹ́sàn-án ti tán.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo fẹ́ kọ ohun tí mo rí lónìí bó ṣe rí gan-an, kí n má fi nǹkan kan kún un.

Ọkùnrin kan ti bárò tó kún fún àpò sìmẹ́ńtì bọ̀ láti orí òkè òpópónà wa. Ó já mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ẹ yà o! Ẹ yà fún un! Kò ní bíréèkì!" Obìnrin kan tó gbé igbá, àwọn ọmọ ilé-ìwé méjì, àti púlọ́ńbà kan tó gbé páìpù léjìká, gbogbo wọn ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dúró bá a jà. Wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì. Bárò gba àárín wọn kọjá ṣíí, ó dé ibi tí òpópónà ti ṣẹ́ kọ́nà níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, kò lè yà, ó kó sínú ẹrẹ̀ dé ọrùn. Gbogbo wọn sì tún padà sójú ọ̀nà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Púlọ́ńbà wá bojú wẹ̀yìn, ó bi bárò náà léèrè pé, "Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Mo sáré lọ sílé. Búrẹ́dì tí wọ́n rán mi, n kò rà á.

Wẹ́sìdé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ó ṣiṣẹ́!

Ìtòsí ìlú mi, ọ̀nà olókùúta náà ṣẹ́ kọ́nà. Mo to àwọn ọlọ́kọ̀ dí ojú ọ̀nà ṣáájú kọ́nà yẹn. Mo gbọ́ súfèé. Kẹ̀kẹ́ mẹ́fà tú jáde. Mo ń kà á lọ́kàn: wọn ò tíì dé, wọn ò tíì dé. Ó wá ku díẹ̀ kí abẹ kàn wọ́n, mo tẹ̀ ẹ́: ìdajì sọ́tùn-ún, ìdajì sósì, sáàárín àwọn èèkàn wọn. Kẹ̀kẹ́ gba àárín kọjá bí àlejò tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún. Wọ́n dé kọ́nà. Ẹṣin tó ń sá eré bẹ́ẹ̀ ò mọ kọ́nà. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọ ẹrẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ mi sì yíjú padà.

Mo gba ìlú kan padà. Mo di méjì, ẹ̀gbọ́n mi di mẹ́rin.

"Ẹ̀rọ yìí ló ń ṣe ségesège," ẹ̀gbọ́n mi ní, ó gbá máòsì mọ́lẹ̀.

"Gbá a dáadáa," Àǹtí ní. "Tó bá fọ́, ìwọ lo máa rà á."

Fúráìdé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Bàbá Ìṣirò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gba ìlú kan lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ogun.

Túsìdé, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Màmá ra báàgì ìrìn-àjò. Kò sọ ẹni tó rà á fún, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí ti àwọn ọmọdébìnrin, òdòdó sì wà lára síìpù rẹ̀. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Mo fi aṣọ bò ó kí n má baà máa rí i.

Fúráìdé, ọjọ́ karùn-ún

Mo fẹ́ kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ kí n tó sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ìlú mẹ́rin, èmi méjì. Láti aago mẹ́rin ló ti ń kó kẹ̀kẹ́ ogun jọ, ó pé ogún. Òun àti onígbàjámọ̀ ti dá àdéhùn. Kẹ̀kẹ́ á ṣáájú, àwọn tafàtafà onígbàjámọ̀ á tẹ̀ lé wọn gẹ́rẹ́ lójú ọ̀nà olókùúta kan náà. Mo kó gbogbo èèyàn tí mo ní síwájú. Ẹ̀yìn mi, lọ́dọ̀ Bàbá Ìṣirò, kò sẹ́nì kan, àfi odi àti àdúrà.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀, òjò dé. Páànù òrùlé wa ò nípọn, ó dún bí ẹni ń da òkúta lé e. Fáànù ń yí, kò já mọ́ nǹkan kan mọ́, mẹ́sàn-án tàbí ọgọ́rùn-ún, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹnì kejì rẹ̀.

N kò gbọ́ súfèé. Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí, ó ṣù jọ. Kẹ̀kẹ́ ogún tú jáde.

Mo wo ọ̀tún. Èjìká Bàbá Ìṣirò mì lẹ́ẹ̀kan. Ó tún mì.

Mo fi àga mi sílẹ̀. Mo sáré gbọ́wọ́ lé kọ̀ǹpútà Bàbá. "Mo bá yín dá àdéhùn di aago mẹ́fà!" Àǹtí fọwọ́ sẹ́bàá etí, ó mi orí. Mo tún un wí. Ó tún mi orí. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì máòsì.

Bọ́tìnnì. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣe é. Mo rántí báàgì olódòdó, mo rántí inú àgbá, mo ya ẹnu mi:

"BÀBÁ ÌṢIRÒ! ÀLÀÁFÍÀ DI AAGO MẸ́FÀ! ÀǸTÍ, ṢÉ Ẹ GBỌ́?"

Awò ojú Bàbá yọ̀ dé ṣóńṣó imú. Onígbàjámọ̀ fò dìde. Ọkùnrin kan já wọlé láti ṣọ́ọ̀bù kejì, ọṣẹ ń ṣàn sọ́rùn rẹ̀, ọkùnrin aláàbọ̀ orí ìjọ́sí ni. "Ta ló kú? Ta ló kú?"

Àǹtí yọ awò rẹ̀. Ó nù ún. Ó wọ̀ ọ́.

"Mo gbọ́."

N kò mọ bí mo ṣe padà dé àga mi. Ẹṣin àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ ọ̀kọ̀ mi. Mo tẹ̀ ẹ́: ẹ yà! Ọ̀tún ya, òsì ya. Kẹ̀kẹ́ méjìlá gba àárín kọjá, wọ́n lọ bá àbàtà lálejò. Àwọn mẹ́jọ tó kù rí ohun tó ṣe àwọn tó ṣáájú, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n yí padà, abẹ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì forí lé ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà. Àwọn tafàtafà onígbàjámọ̀ ló wà lójú ọ̀nà náà.

"Ò ń tẹ èèyàn mi pa!"

"Kì í ṣe èmi, ẹṣin ló ń sá!"

"Ta ló ni ẹṣin? Dá wọn dúró!"

"Wọn ò ní bíréèkì!"

Onígbàjámọ̀ tú okùn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́wọ́ lé kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi, ó pariwo pé àdéhùn ti bàjẹ́, Àǹtí ní òun gbọ́. Láàárín ogún ìṣẹ́jú ó ti gba ìlú méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi rọra gba èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ láìsí ẹ̀ṣọ́. Mi ò tilẹ̀ sáré.

Aago mẹ́fà lù. Àǹtí dìde wá kà á fúnra rẹ̀. Bàbá Ìṣirò mẹ́rin. Onígbàjámọ̀ mẹ́rin. Èmi mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyọ kan.

"Àǹtí, ẹ gbọ́ bó ṣe pariwo!" ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ṣé bí olùkọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn," Bàbá Ìṣirò ní. "Ọdún márùndínlógójì."

Nígbà tí gbogbo wọn ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi dúró tì mí, ó ń tọ́jú wáyà. "Ta ló kọ́ ọ ní yíyà yẹn?"

"Bárò ni."

Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹjọ

Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo pa fáànù kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ láàárọ̀ yìí. Màmá ní owó báàgì kò gbọdọ̀ ṣòfò. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí i tó ń lọ sídìí ọkọ̀, òdòdó ń mì lára síìpù, onígbàjámọ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń kí i bí ẹni kí ìyàwó tuntun.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹ̀gbọ́n mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láti ibi bọ́tìnnì: "Àbúrò mi, télọ̀ mẹ́rin ló já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ń fà mí lápá, ọ̀kan ń gbé àwo bọ́tìnnì dà sílẹ̀. Báwo lo ṣe ń ṣe é?"

Mo dá a lóhùn pé kí ẹ̀gbọ́n mi yà fún ẹni tó ń sáré jù, onítọ̀hún á lọ dúró níbìkan fúnra rẹ̀. Kó bá ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dá àdéhùn. Kó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́.

Nípa súfèé rẹ̀, n kò sọ nǹkan kan. Ìsinmi mìíràn wà lóṣù kejìlá.